Ohùn Ìyá Agogo Ìgbó-Orógbó

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lu agogo náà, gbogbo ìlú sì pa lọ́lọ́.

Bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún 1971, Bàbá Ògúnjìnmí, olórí Ìgbó-Orógbó, mí èémí ìkẹyìn. Bí ènìyàn bá kọjá Iwaraja díẹ̀ ló máa dé Ìgbó-Orógbó, ìlú olóko kòkó àti olóko obì. Agboolé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan sì ní agogo irin tirẹ̀. Ọ̀kan ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ ìlú, ọ̀kan ń kéde ọmọ tuntun, ọ̀kan ń sọ pé iṣu tuntun ti tó jẹ. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n ń pè ní Ìyá.

Ìyá kì í sọ̀rọ̀ àfi bí olórí ìlú bá kú. Òun ni yóò kọ́kọ́ dún, àwọn márùn-ún yòókù á wá dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn baba ńlá lè mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ wálé. Tí kò bá dún, wọn kì í sin òkú. Ọkùnrin kì í dé fìlà níwájú rẹ̀, bó ti wù kó ga tó. Láti ọdún 1960 tí olórí tó ṣáájú ti kú, ẹnikẹ́ni ní ìlú náà kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti orí àjà, gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n sì lù ú. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ṣíbí na agolo. Àwọn obìnrin tó ń sunkún dákẹ́. Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, "Èyí kọ́!" Àwọn ọkùnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà wọn padà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti mọ olè. Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, ọwọ́ tí wọ́n fi ń di agogo náà mú sán, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Sànúsí, alágbẹ̀dẹ kan ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò tún jẹ́ bí kì í bá ṣe òun? Wọ́n ní ó rọ ayédèrú, ó sì ta ojúlówó fún òyìnbó. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ọlọ́pàá gbé e lọ sí àhámọ́ ní Iléṣà. Ọjọ́ Ajé ni yóò fojú ba kóòtù. Òkú Bàbá Ògúnjìnmí sì wà ní mọ́ṣúárì, kò ríbi lọ.

Èmi Sájẹ́ǹtì Àjàgbé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Òṣogbo, ni ọ̀gá mi rán lọ láàárọ̀ Sátidé. Ó ní kí n lọ bá àwọn ará Iléṣà parí ẹjọ́ náà. Èmi ò sì fẹ́ràn kí n máa bá ènìyàn parí ohun tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

*

Wọ́n gbé agogo ayédèrú náà sórí tábìlì fún mi. Ó gùn tó apá ènìyàn láti ìgúnpá dé orí ìka. Ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ìṣó idẹ méjì wà lára ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń dán. Àwọn ará Ìgbó-Orógbó ti jẹ́rìí pé kò sí àpá kan lára Ìyá tí kò sí lára èyí.

Wọ́n mú Sànúsí wọlé. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, tẹ̀sùbáà sì wà láàárín ìka rẹ̀.

"Alàgbà Sànúsí, ṣé ẹ̀yin lẹ kan ìṣó méjì yìí?"

Ó gbé agogo náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ìṣó mi jọ èyí, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kọ́ nìyí."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ọwọ́ agogo tí wọ́n gbé fún mi sán, mo wá fi ìṣó dè é pọ̀. Ẹ wo èyí dáadáa. Ibo ló ti sán?"

Mo wò ó. Kò sán níbì kankan. Ìṣó méjèèjì kò mú nǹkan kan dání, ńṣe ni wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Inú mi bàjẹ́, nítorí mo ti mọ ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba yóò sọ: alágbẹ̀dẹ tó ní òun tún nǹkan ṣe, tí ibi tó tún ṣe kò sì bàjẹ́ rí, kí ni orúkọ rẹ̀?

"Nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín, ǹjẹ́ ẹ lù ú?"

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Rárá. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lù ú."

"Ẹ fi Ọlọ́run búra."

Ó wolẹ̀ títí. "Ẹ má fi mí búra, ọ̀gá mi," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

*

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn náà mo padà sí Òkè-Baálẹ̀. Ẹwìrì Sànúsí ti tutù, wọ́n fi páànù bo ojú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní òdìkejì ojú ọ̀nà, Ìyá Mọ́nsúrátù ń rán fìlà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mọ̀ mí láti kékeré, ó bá ìyá mi nájà pọ̀ ní Ọjà Ọba.

"Àjàgbé, fìlà wo nìyí lórí rẹ? Ṣé èyí tí o fi ṣe wòlímọ̀ náà ni?"

"Ẹ má yọ mí lẹ́nu, ìyá. Sànúsí ni mo bá wá."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọkùnrin yẹn kò jí abẹ́rẹ́ rí. Ogún ọdún ni mo ti jókòó níbí tí mò ń wò ó."

"Ẹ rántí agogo kan tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà?"

"Ta ló máa gbàgbé ìyẹn? Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Ńṣe ni mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ohùn yẹn wọnú mi, àfi bí ẹni pé ìyá tó bí mi ló ń pè mí láti inú yàrá."

Mo mú ayédèrú jáde nínú àpò, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi lù ú. "Ṣé báyìí?"

Ẹ̀rín pa á. "Agolo nìyẹn, ọmọ mi."

Sànúsí purọ́ fún mi nìyẹn. Bí mo ṣe ń padà lọ sí Iléṣà nínú ọkọ̀, mo ń jẹ orógbó, mo sì ń ro irọ́ náà. Bí ènìyàn bá purọ́, nǹkan kan wà tó ń fi bò. Olè a máa purọ́ láti fi bo olè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Sànúsí bá sọ pé òun lu agogo, kí ni ìyẹn fi kún ẹ̀ṣẹ̀ olè? Kò fi nǹkan kan kún un. Nǹkan mìíràn ló ń bò.

*

"Ìyá Mọ́nsúrátù tó ń rán fìlà níwájú ilé iṣẹ́ yín gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni mo sọ fún Sànúsí nígbà tí mo padà dé àhámọ́.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó gbé e kúrò, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Tíṣà tó gbé e wá kìlọ̀ fún mi. Ó ní àwọn àgbà ilé àwọn sọ pé ẹni tó bá lu agogo yẹn láìsí òkú nílẹ̀, ikú ló ń pè. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, alágbẹ̀dẹ wo ló ń dá irin padà láì gbọ́ ohùn rẹ̀? Bí mo bá kan ìṣó sí i lọ́wọ́, tí ohùn rẹ̀ wá yí padà ńkọ́? Mo ti ba ohun olóhun jẹ́ nìyẹn. Ni mo bá lù ú. Wọláhì, mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn rí. Mo tún lù ú, mo tún lù ú." Ó nu ojú. "Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, baba wọn kú. Èmi ni mo pe ikú wá bá a, ọ̀gá. Bí wọ́n bá ní mo jalè, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ó sàn ju kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo pa baba wọn."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n olè nítorí kí ẹlòmíràn má baà sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí gbogbo ẹni tó jẹ́ kó sùn lórí sìmẹ́ǹtì.

Mo jókòó síwájú agogo náà nígbà tí wọ́n mú Sànúsí jáde. Ẹni tó ṣètò ayédèrú yìí lójú. Ó rí ibi tó tẹ̀, ó rí ìṣó idẹ, kò fo àpá kan. Ohùn nìkan ni kò rí ṣe. Kí ló dé? Sànúsí, tí kì í dá irin padà láì gbọ́ ohùn rẹ̀, ì bá ti lu ojúlówó, kó lu ayédèrú, kó máa fi òòlù tún un ṣe títí méjèèjì yóò fi máa dáhùn bákan náà. Wọ́n fi ojú nìkan ṣe èyí. Ẹni náà ní Ìyá lọ́wọ́, ó ń wò ó, ó ń fọwọ́ pa á lára, síbẹ̀ kò lù ú. Ẹ̀rù ń bà á.

Olè tó ń bẹ̀rù ohun tó jí. Ìgbó-Orógbó ni mo ti máa rí i.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo débẹ̀. Cornelius ni mo kọ́kọ́ bá, ọmọ olóògbé, tíṣà tó gbé agogo lọ sí Òṣogbo. Ó so táì mọ́rùn láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ ta agogo náà fún òyìnbó."

"Mi ò sẹ́," ni ó wí. "Mo kọ lẹ́tà sí òyìnbó kan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Ó dá mi lóhùn, ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Agogo bíi tiwa ni, wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Bàbá ní bí òun bá wà láàyè, kò ṣeé ṣe. Mo sì fi sílẹ̀."

"Ẹ̀rù agogo náà kì í bà yín?"

"Irin lásán ni, Sájẹ́ǹtì. Nínú lọ́rì tí mo fi gbé e lọ sí Òṣogbo, mo fi òrùka mi lù ú. Díẹ̀ ló kù kí awakọ̀ sọ̀ mí kalẹ̀."

Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó ń fi òrùka lu Ìyá nínú lọ́rì kò ní fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló rí fọ́tò òyìnbó yẹn?"

"Gbogbo ilé. Orí tábìlì pálọ̀ ló wà. Bàbá Béjidé gan-an mú un dání fún ìgbà pípẹ́. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí ni gíláàsì tó bo agogo yẹn."

Agboolé Béjidé ló ń tọ́jú Ìyá. Orí àjà rẹ̀ ló máa ń wà, àdín ló sì fi ń pa á lára lọ́dọọdún. Mo lọ kí i. Àgbàlagbà tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo bi í ló dá mi lóhùn. Nígbà tí olórí kú, oko lòun wà. Kí òun tó délé, wọ́n ti gbé agogo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti lù ú. Alágbẹ̀dẹ Òṣogbo ni kí n lọ mú dáadáa.

Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ìrònú nìkan ni mo ní, kóòtù kì í sì í jẹ ìrònú. Ibi tí mo dúró sí lábẹ́ igi obì ni ọ̀rọ̀ fìlà tí Ìyá Mọ́nsúrátù fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ ti padà sí mi lọ́kàn.

*

Mo ní kí wọ́n pe agboolé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ síwájú ilé olóògbé ní ọ̀sán. Mo dé síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan tí mo fi aṣọ funfun wé. Mo gbé e lé orí àpótí, mo rọra ṣí i títí tí ọwọ́ rẹ̀ àti ìṣó idẹ méjì fi yọ.

"Ẹ̀yin ará Ìgbó-Orógbó," ni mo wí, "mo ti rí Ìyá."

Ńṣe ló dà bí ẹni pé atẹ́gùn kan fẹ́ kọjá lórí wọn. Gbogbo fìlà ló ṣí. Àwọn àgbà ṣí tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ ṣí tiwọn, Cornelius tó ní irin lásán ni ṣí tirẹ̀ kó tó mọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe. Àpìkẹ́, ìyálé olóògbé, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀pẹ̀.

Fìlà kan ṣoṣo ló kù lórí.

"Bàbá Béjidé," ni mo wí, "fìlà yín ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó pẹ́ jù. Gbogbo ìlú ti yí ojú sí i.

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń tọ́jú Ìyá. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ayédèrú náà ni mo tún gbé wá, kò lè jẹ́ òun nìyí. Ẹ mọ̀ nítorí pé ẹ mọ ibi tó wà."

Kò jiyàn. Ó jókòó sílẹ̀.

"Nínú gíláàsì," ni ó wí. "Wọ́n fẹ́ gbé e sínú gíláàsì, níbi tí kò ti ní í pe ẹnikẹ́ni mọ́ láé. Mo mọ̀ pé bí Ògúnjìnmí bá kú, Cornelius á gbé e. Mo gbẹ́ igi tó jọ ọ́, mo gbé igi náà lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Àkúrẹ́. Èyí tó rọ ni mo fẹ́ kí Cornelius tà. Alágbẹ̀dẹ yẹn bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni kò tíì kú." Ó mí kanlẹ̀. "Ńṣe ni mo fẹ́ gbé Ìyá padà sórí àjà lọ́jọ́ tí olórí bá kú, kí wọ́n lù ú tán kí n tó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ikú ló yá jù mí lọ. Oko ni mo wà."

"Sànúsí ńkọ́?"

"Kí n tó délé, wọ́n ti dárúkọ rẹ̀."

"Wọ́n dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin ni ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó sunkún nígbà náà. Ó dìde, ó kó wa lọ sí abà obì rẹ̀. Nínú apẹ̀rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, lábẹ́ ewé, Ìyá sùn síbẹ̀ láàárín obì pupa. Ní abẹ́ ìṣó idẹ rẹ̀ ni mo ti rí ibi tó sán, ó tín-ínrín bí irun.

*

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sin Bàbá Ògúnjìnmí. Èmi fúnra mi ni mo gbé Sànúsí wá láti Iléṣà, nítorí àwọn àgbà ní àwọn fẹ́ tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé. Wọ́n tọrọ rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì gba ìtọ́jú Ìyá kúrò lágboolé Béjidé títí láé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni Bàbá Béjidé dúró sí, fìlà rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn tún dé. Agogo méjì ló ti wà báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì fọkàn tán etí ara rẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ kan.

Màmá Àpìkẹ́ bi wọ́n pé, "Ta ló gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn? Kó wá sọ fún wa bó bá jẹ́ òun ni."

Cornelius ń wo òrùka ọwọ́ rẹ̀. Mo wo Sànúsí. Mo ti ṣèlérí fún un pé ohun tó sọ fún mi nínú àhámọ́ kò ní jáde lẹ́nu mi, kò sì jáde. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́, bí ó bá dákẹ́, yóò lọ sílé lálàáfíà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó bọ́ síwájú.

"Èmi ni, ìyá. Mo lù ú ní Òṣogbo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo pe ikú wá bá ọkọ yín, ẹ dárí jì mí."

Ariwo bẹ̀rẹ̀. Màmá Àpìkẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ariwo náà sì rọlẹ̀.

"Oṣù wo nìyẹn?"

"Oṣù kẹwàá, ìyá."

"Oṣù kẹwàá!" Ó wò yíká. "Ní oṣù kẹwàá, ọkọ mi ń jẹ uyán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń bá mi jà pé ọbẹ̀ kò ta. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni. Ọdún márùn-ún ló fi ń dágbére fún wa, a kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ìwọ kọ́ lo pa á, ọmọ Òṣogbo. Wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí o sì fetí sílẹ̀."

Sànúsí jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ opó. Wọ́n wo ẹni tí yóò lù ú. Wọ́n na igi náà sí Cornelius, nítorí òun ni àkọ́bí. Ó gbà á. Ó dúró níwájú irin lásán rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú kó tó lè lu Ìyá.

Sànúsí di ojú. Ohùn náà jáde, ó kún agbo ilé, ó gba orí oko obì lọ. Ìyá Mọ́nsúrátù kò parọ́ fún mi.

"Òun ni," ni Sànúsí wí.

Agogo kejì dá a lóhùn láti agboolé òkè. Lẹ́yìn náà ìkẹta dún, ìkẹrin tẹ̀ lé e, títí ó fi kan èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn. Cornelius jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú igi náà lọ́wọ́, ó sì sunkún baba rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.